Ihò Mẹ́fà Lára Àpótí Ààrẹ

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù kẹta ọdún 2012 ni Stephen Ọlọ́rundáre kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ní oríta Sabon Tasha, níbi tó dúró sí tó ń wá kẹ̀kẹ́ tó máa gbé e padà sí Kamazou. Kí etí rẹ̀ tó gbọ́, ikùn rẹ̀ ti gbọ́. Ilẹ̀ abẹ́ bàtà rẹ̀ gbọ̀n, fìlà orí rẹ̀ náà gbọ̀n, ni mọ́tò dúdú kan bá rọra kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nídìí rẹ̀, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ojú fèrèsé. Obìnrin tó ń dín àkàrà létí títì fi ọwọ́ méjèèjì di páànù rẹ̀ mú. Lójú Stephen, ohun tó ń jáde nínú mọ́tò yẹn ti kúrò ní orin. Ohùn ni. Ó wúwo, ó jinlẹ̀, ó ń pàṣẹ fún ikùn àwọn tí kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́. Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta kọjá lára rẹ̀, kò rí wọn. Ó ń rò ó pé irú ohùn tí Ọlọ́run ní lọ́kàn fún òun nìyẹn, pé wọ́n kàn ṣèèṣì gbé e fún ẹlòmíràn ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn tí wọ́n gbé fún Stephen tín-ín-rín. Ó tín-ín-rín débi pé bó bá pe àjèjì lórí fóònù, "ẹ káàsán, mà" ni wọ́n ń dá a lóhùn. Ọkùnrin náà ga, ó síngbọnlẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú, ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Àmọ́ bó bá la ẹnu, ohun tó máa jáde dà bí ìgbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn tí wọn kò ta epo sí láti ọdún méjì.

Ẹni tí à ń wí yìí kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Òun ni Ààrẹ Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Ọmọ Yorùbá, láti Kamazou títí dé Ungwan Romi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dìbò yàn án, ọdún mẹ́fà ló ti lò, oṣù Kejìlá ọdún náà ni ìdìbò ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Kó tó di Ààrẹ, òun ló ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan tó ti kógbá wọlé. Ó lé ní ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta kó tó mọ ìwé kà, ara páálí tó ń tò ní ilé ìkẹ́rùsí náà ló sì ti kọ́ ara rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí wọ́n bá kọ sára páálí, òótọ́ ni lójú rẹ̀, bí nọ́ńbà ara páálí bá sì ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun inú rẹ̀ ṣe dára tó.

Láti ọjọ́ tó ti gun orí àga ló ti ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ bá Ààrẹ sọ̀rọ̀ ní ìpàdé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dìde, kó ka oyè rẹ̀ tán: Ààrẹ wa, Atọ́nà wa, Òpó tó gbé ẹgbẹ́ dúró. Aaron, akọ̀wé ẹgbẹ́, ló kọ òfin náà sílẹ̀. Ó fi "ranka ya daɗe" kún un, bí àwọn Hausa ṣe ń sọ pé kí ẹ̀mí ọ̀gá gùn, ó ní nítorí pé Kaduna là ń gbé. Ní ọjọ́ kan, mẹ́gáádì gbọ̀ngàn sáré wọlé láti wá sọ pé táńkì omi ti bẹ́. Wọ́n ní kó ka oyè ná. Ọkùnrin náà kò mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó ṣì í lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó fi máa dé orí "Òpó", omi ti wọ inú bàtà Òpó.

Gbogbo èyí ì bá máa lọ bó ṣe ń lọ, bí kò bá sí ti Alhaji Abdulwahab. Táyà ni ọkùnrin náà ń tà, Kaduna ni wọ́n bí i sí, ó sì ti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun náà máa dupò. Kò tíì sí ẹni tó rántí ohun ọgbọ́n kan tí Alhaji sọ ní ìpàdé. Àmọ́ bó bá dìde, tó ní "Ẹ káàsán o," gbogbo gbọ̀ngàn á ṣe jẹ́ẹ́ bí ẹni pé ó ti ṣèlérí afárá. Ohùn yẹn ni Stephen ń bẹ̀rù. Ilé iṣẹ́ aṣọ ti kú, àwọn ọmọ ti tú ká lọ sí Èkó àti Abuja. Bí ipò Ààrẹ bá tún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bàbá arúgbó kan ló máa kù, tó ń jókòó níwájú ilé tí ìyàwó rẹ̀ ń rán lọ ra màgí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti kọjá, ó sì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́. Lọ́dún náà, ọ̀rọ̀ yẹn kò pa á lẹ́rìn-ín.

Ni òun àti Aaron bá wọ mọ́tò ẹgbẹ́, wọ́n di Ungwan Dosa. Mọ́tò yìí, Pijó gígùn kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ, iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe: ó ń kéde ìpàdé kiri àdúgbò, ó ń kó àga, bí ara ọmọ ẹgbẹ́ kan kò bá sì yá, òun ló ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ahmed ni wọ́n ń wá lọ. Ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Kaduna ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣètò ohùn sínú mọ́tò, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ní kò sí ẹni tó gbọ́ ohùn yé bíi tirẹ̀ láti Kawo dé Kakuri. Stephen ti ra wúfà tirẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé irú ohùn wúwo tó gbọ́ ní oríta yẹn jáde, sílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí tí nọ́ńbà ara páálí rẹ̀ tóbi jù lọ nínú ọjà ló rà.

Ahmed yẹ wúfà náà wò, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní wúfà lásán kò tíì jẹ́ nǹkan kan, àpótí tí wọ́n bá gbé e sí ló ń fún un ní ìwà. Ó mú Ààrẹ lọ jókòó nínú mọ́tò méjì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó sì fi orin kan náà sí i nínú méjèèjì. Nínú èyí àkọ́kọ́, àpótí náà kéré, wọ́n dí i pa, kò ní ojú, kò ní ihò. Báàsì rẹ̀, ìyẹn ìró ìsàlẹ̀, ń dún gbì, ó sì ń dákẹ́ ní kété tí onílù bá gbé ọwọ́ kúrò. Nínú èkejì, àpótí náà tóbi jù ú lọ, ihò roboto kan wà lára rẹ̀. Ó dún jù, ó mi àga, àmọ́ ìró kan kò tíì tán kí èkejì tó gorí rẹ̀. Ahmed ṣàlàyé pé ẹni tó ń fẹ́ ohùn tó mọ́, tó ń fẹ́ gbọ́ nǹkan bó ṣe rí, èyí tó dí pa ni kó mú. Pé ihò kì í ṣe ohun tí ènìyàn kàn ń lu, wíwọ̀n ni wọ́n ń wọn ìbú àti gígùn rẹ̀ kó bá wúfà mu.

"Bàbá," ó ní, "kí lẹ fẹ́ gbọ́ gan-an? Ṣé ohùn ni àbí ariwo?"

"Àṣẹ ni mo fẹ́ gbọ́," Stephen dá a lóhùn.

"Toh. Ṣùgbọ́n wallahi, Bàbá, kí n má pa irọ́ fún yín. Wúfà kì í sọ̀rọ̀. Ìsàlẹ̀ ohùn nìkan ló ń mú. Ohùn tí kò bá ní ìsàlẹ̀, kò ní rí nǹkan gbé jáde fún un."

Aaron gbé ojú sókè, ó ń wo páànù òrùlé bí ẹni pé ó fẹ́ rà á. Stephen dìde. Ó ní ọdún mẹ́fà gbáko ni òun ti wà lókè, ọmọkùnrin yìí sì ń bá òun sọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀. Ahmed kò jiyàn. Ó kàn fa ìwé tó wà nínú páálí jáde, ó fi ibi tí àwọn tó ṣe wúfà náà kọ ọ́ sí hàn án, pé kí àyè inú àpótí má ju bíi kẹ́ẹ̀gì epo kan àti ààbọ̀ lọ. Stephen fi ìka tọ ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó kà á, ó yé e. Ó wá ní àwọn tó kọ ọ́ kò ṣìnà, wọn ò kàn mọ ẹni tó máa wà nínú rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ fi ojú inú wo ọkùnrin tó gba gbogbo ohun tí páálí bá sọ gbọ́ láti ọjọ́ tó ti ń kàwé. Ìgbà kan ṣoṣo tí páálí sọ ohun tó máa gbà á là, ìgbà yẹn ló bá páálí jiyàn.

Ó gbé ọ̀rọ̀ àpótí lọ síwájú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà gba wákàtí kan ó lé díẹ̀. Ó ní ìtàn ń wo àwọn, ó ní àwọn tí a kò tíì bí ń wo àwọn, ó ní àpótí tó ń bọ̀ yìí kì í ṣe ti Stephen, ti ìran Yorùbá tó wà ní òkè odò àti ìsàlẹ̀ odò Kaduna ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Aaron kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Èrò Ààrẹ ni pé àpótí náà gbọ́dọ̀ tóbi, kó sì ní ihò kan, nítorí pé àpótí tí kò ní ẹnu kò lè ṣojú ẹni tó ní ẹnu.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Aṣojú Èkìtì dìde, ó ka oyè Ààrẹ tán, ó wá béèrè pé ihò kan ṣoṣo yẹn, ta ló ni ín? Aṣojú Oǹdó ní ẹgbẹ́ yìí, ìpínlẹ̀ ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi dá a sílẹ̀, ìpínlẹ̀ ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi ń pín ẹran ọdún àti àga iwájú. Òun kò rí ìdí tí ihò fi máa yàtọ̀. Àwọn Ọ̀yọ́ ní àwọn pọ̀ jù, kí ihò tiwọn fẹ̀ jù. Àwọn Kwara ní àwọn ló kọ́kọ́ dé Kaduna. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi jà á. Ní ìparí, wọ́n fẹnu kò pé ihò mẹ́fà ni kó jẹ́, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Oǹdó, Èkìtì àti Kwara, ọgbọọgba, kí wọ́n fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́n kí ẹnikẹ́ni má bàa rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Àwọn ará Èkó, tí wọ́n kéré lọ́jọ́ náà, ni wọ́n fún ní wáyà. Àwọn ará Kogi béèrè tiwọn. Wọ́n ní kí wọ́n kọ lẹ́tà.

Matthias gbẹ́nàgbẹ́nà ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́. Ungwan Romi ló ń gbé, ọmọ ẹgbẹ́ ni, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ pósí ló ń kàn láti ogún ọdún. Wọ́n sọ fún un pé kó kan àpótí gígùn tó yẹ àgbà. Ó kan ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Ó kun ún, ó dán gbinrin, ó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ, ó sì fi ìdìmú idẹ mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nítorí pé ìyẹn ló wà nílẹ̀. Kí wọ́n tó lè gbé e wọ ẹ̀yìn Pijó, wọ́n yọ àga ẹ̀yìn dànù. Ahmed wá so wáyà rẹ̀ mọ́ ọn. Ó wo ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó kà wọ́n, ó ní "Toh," ó sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Oṣù kan kí ìdìbò tó dé, Bàbá Moyinọlá, tó jẹ́ olórí àwọn ará Ọ̀ṣun, já bọ́ láti orí àkàbà, itan rẹ̀ sì yẹ̀. Wọ́n pe mọ́tò ẹgbẹ́. Mọ́tò dé, kò sí àga ẹ̀yìn, kò sí ilẹ̀ ẹ̀yìn, àpótí nìkan ló wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà ń kérora, kò sí àkókò, ni wọ́n bá tẹ́ aṣọ funfun sórí àpótí, wọ́n tẹ́ ẹ gbalaja lé e, wọ́n di òpópónà. Láti Kamazou dé ilé ìwòsàn ni àwọn ènìyàn ń ṣí fìlà. Ní ibi tí àwọn ọlọ́pàá dúró sí, wọ́n gbé igi kúrò lójú ọ̀nà láìbéèrè ìwé, ọ̀kan nínú wọn sì kí i lẹ́yẹ, ó fọwọ́ kan iwájú orí. Bàbá kan lórí kẹ̀kẹ́ súnmọ́ gíláàsì, ó ń ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Bàbá Moyinọlá gbé orí sókè lórí àpótí, ó ní, "Ìwọ ló máa ṣáájú mi débẹ̀." Ọkùnrin náà fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ sáré.

Itan rẹ̀ jiná. Inú rẹ̀ kò jiná. Wọ́n ròyìn rẹ̀ fún Ààrẹ, Ààrẹ sì dáhùn pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í rí irú ọlá bẹ́ẹ̀ gbà láyé wọn.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan. Kí nǹkan má bàa dàrú lọ́jọ́ náà, ọgbọ́n kan ni wọ́n dá: wọ́n ní kí Ààrẹ ka ọ̀rọ̀ ìdupò rẹ̀ sínú fóònù Aaron nílé, kí àpótí lè wá sọ ọ́ níwájú ogunlọ́gọ̀ lọ́jọ́ ìdìbò. Ọ̀sán ni, Ààrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ̀wà tán ni. Aaron, ẹni tí kì í rí ohun kan kó má wá ibi tó máa ti fi yin ọ̀gá rẹ̀, ní ohùn Ààrẹ, inú ikùn ló ti ń wá. Ó gbé fóònù sí etí tábìlì gan-an níbi tí ikùn ti kan igi. Ìyàwó Ààrẹ, Ìyá Ìbùkún, wá kó àwo, ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Ìbùkún, ohùn yín yìí náà lẹ fi tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi," ó ní. "Wọn ò ní kẹ́ ẹ lọ gbé àpótí wá."

"Ìgbà yẹn, mi ò tíì di Ààrẹ."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣì ń gbọ́ ohun tí mo bá sọ nígbà yẹn."

Ó kó àwo rẹ̀ lọ. Stephen tún ọ̀fun rẹ̀ ṣe, ó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ojú ìwé kìn-ín-ní dé ojú ìwé kọkànlá, níbikíbi tó bá sì ti kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ dé góńgó, ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ lu tábìlì.

Ọjọ́ dé. Pápá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n lò, èrò kún un dé ẹ̀yìn ọgbà. Pijó rọra wọlé, wọ́n yí ìdí rẹ̀ sí ogunlọ́gọ̀, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jókòó síwájú ihò wọn. Aaron ka oyè, ó fi mẹ́ta kún un, ó sì tẹ fóònù.

Ohun tí wọ́n gbọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀. Àpótí ti gba gbogbo agbára, àwọn ẹ̀rọ kéékèèké iwájú tó yẹ kó sọ ọ̀rọ̀ ń fọhùn bí ẹ̀fọn nínú ìgò. Báyìí ni ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń mí, fùù, fùù, bí àgbàlagbà mẹ́fà tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Àwọn ènìyàn nawọ́ sẹ́tí. Ó wá kan ibi tí ọ̀rọ̀ ti dé góńgó. Àpótí ní GBÌ. Àwọn ewúrẹ́ tó ń jẹko lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ fò fẹ́rẹ́, adìyẹ aládùúgbò gba ẹnu ọ̀nà lọ. Lẹ́yìn náà ni ikùn Ààrẹ dá sí i.

Ẹ rántí ohun tí Ahmed sọ: ìsàlẹ̀ ohùn nìkan ni wúfà ń mú. Ohùn Ààrẹ kò ní ìsàlẹ̀. Ikùn rẹ̀ ní in, àti ẹ̀wà inú rẹ̀. Ó kùn gùrùrùrù, ó yí láti Ọ̀yọ́ dé Kwara, ó dúró díẹ̀ ní Èkìtì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ gbọ̀n. Fìlà bọ́ lórí. Ó sinmi, wọ́n rò pé ó ti tán, ni Ààrẹ inú fóònù bá gùfẹ̀, ìgùfẹ̀ náà sì gùn ju ìpàdé míì lọ. Ẹnì kan láàárín èrò béèrè pé kí ni Ààrẹ ṣèlérí báyìí. Tinúkẹ́, olórí àwọn obìnrin, tó ti fi ọdún mẹ́fà ka oyè ní ìdúró, jókòó dáadáa, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì.

"Ẹ jẹ́ kó máa sọ ọ́ lọ," ó ní. "Láti ọdún mẹ́fà, èyí ló jọ òótọ́ jù nínú ohun tó ti inú rẹ̀ jáde."

Ẹ̀rín bú. Aaron bẹ́ mọ́ fóònù láti pa á. Ó ṣi ibi tẹ̀, ó fi kún ohùn rẹ̀. Góńgó tó kàn tún dé lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra wọn, GBÌ, GBÌ, GBÌ, gíláàsì ẹ̀yìn Pijó sì ya wálẹ̀ wàràwàrà síwájú àwọn ará Ògùn. Èrò fọ́n ká, eruku sọ, àga dojú dé.

Nígbà tí ó rọlẹ̀, Stephen Ọlọ́rundáre nìkan ló ṣì dúró níbi tó wà. Kò sí fóònù, kò sí wáyà. Ó la ẹnu, ohùn tín-ín-rín yẹn sì jáde bó ṣe máa ń jáde, ó béèrè pé, "Ṣé ẹnikẹ́ni fara pa?"

Gbogbo wọn gbọ́ ọ. Àwọn tó ti sá dé ẹ̀yìn ọgbà gbọ́ ọ. Mẹ́gáádì tó wà lẹ́nu géètì òpin pápá dáhùn láti ọ̀hún pé rárá, Bàbá, a dúpẹ́. Ohùn tín-ín-rín ni, ó sì já gaara bí abẹ́rẹ́ tó gba inú aṣọ kọjá. Kò tíì sí ìgbà kan láti ọdún mẹ́fà tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òun náà gbọ́ ara rẹ̀. Ó dúró, ó wo àpótí, ó wo ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín sì gbé e, ó rín in títí ó fi di ara mọ́tò mú. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Wọ́n sì tò síbi àpótí ìbò, wọ́n dìbò fún Alhaji Abdulwahab, tó dìde lẹ́yìn náà, tó ní "Ẹ káàsán o," tó sì jókòó. Aaron ti ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ irú oyè tó máa fẹ́.

Bàbá Ìbùkún fúnra rẹ̀ ló kọ iye ohun tó sọnù lọ́jọ́ náà sẹ́yìn páálí wúfà, pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá. Gíláàsì ẹ̀yìn mọ́tò kan. Àga ẹ̀yìn mọ́tò kan, tí Matthias kò rántí ibi tó gbé e sí. Fìlà mẹ́rin. Adìyẹ méjì tí kò padà wálé. Ìbò mẹ́tàlélógóje sí mọ́kànlá. Akọ̀wé kan. Ipò kan. Ẹni tó fara pa: ẹyọ kan, kò lọ sí ilé ìwòsàn.